Ẹni Tó Ṣe Ẹ́ńjìnnì Kẹrin

Ọjọ́ keje, oṣù kìíní, 1985

Yìnyín ti ga dé ìdí fèrèsé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, gbogbo apá ló ń ro mí. Ilé ìwòsàn dá Bàbá Chinatsu, ọkọ mi, sílẹ̀ lónìí lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lára rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó kàn rọ̀ síbẹ̀ ni, kò lè di ṣíbí mú. Ẹnu rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Ó ń fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ yé ènìyàn.

Ó wọlé tán, kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè omi. Ìyàrá rélùwéè rẹ̀, níbi tó ti ń fi idẹ ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, ló ní kí n mú òun lọ. Láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé yìí, kò gbà kí n fi ìgbálẹ̀ kan ilẹ̀ ìyàrá yẹn rí, ó ní mo máa gbá wíìlì kékeré nù. Lónìí èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, èmi ni mo tan iná síbẹ̀, èmi ni mo gbé e jókòó. Ó ń wo àwọn idẹ pẹlẹbẹ tó ti gé sílẹ̀ kó tó ṣubú. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi tutù mí. Kò ní "o ṣeun."

Ọjọ́ kẹwàá

Hijikata, alága ẹgbẹ́ wọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré, wá kí i, òun àti Mukai oní-fọ́tò. Wọ́n jókòó, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì oníná kó lè gbóná, wọ́n jẹ mòṣí, àkàrà ìrẹsì tó kù nínú ti ọdún tuntun tán láìbéèrè bóyá èmi ti jẹ.

Hijikata ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa lọ kẹ́yìn lójú irin Kamisawa, ìparí oṣù kẹta, wọ́n á gbé rélùwéè kékeré tí ẹgbẹ́ ń ṣe sínú yàrá ìdúró èrò ní ibùdókọ̀ wa. Ibẹ̀ náà ló máa wà títí láé, torí ìlú fẹ́ sọ ilé náà di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ojú irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òkè àti afárá ti tán. Ẹ́ńjìnnì ló kù, àwòṣe ẹ́ńjìnnì kẹrin, èyí tí wọ́n fi èédú wà nígbà tí Bàbá Chinatsu ṣì ń gé tíkẹ́ẹ̀tì, kó tó di ọ̀gá níbẹ̀.

"Ọ̀gá Ibùdókọ̀," Hijikata ní, "ṣé ọwọ́ yín á gbà á?"

"Ó máa gbà á."

"Tí kò bá gbà á, kò sí wàhálà. A lè dáwó ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán ní Tókíò."

"Mo ní ó máa gbà á."

Irọ́ funfun báláú. Tíì ni mo ń bù lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n dà á sí Mukai lórúnkún.

Ọjọ́ kọkànlá

Ó fi ọwọ́ òsì gbìyànjú láti àárọ̀. Ó ju irin sódà, èyí tó ń yọ́ òjé láti fi lẹ idẹ pọ̀, sílẹ̀, ó jó tábìlì, ó ba idẹ kan jẹ́. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wọlé, ó ti dorí kodò.

"Ìyá Chinatsu."

"Kí ni?"

"Ìwọ náà máa ń jó sódà nígbà kan. Wáyà rédíò."

Mo rò pé ó ti gbàgbé ni. Kí n tó wọ ilé rẹ̀, mo ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ rédíò ní Nagaoka, sódà ni mò ń jó láti àárọ̀ dalẹ́. Ìyá rẹ̀ ní ìyàwó ilé kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo bá fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó máa fẹnu kàn án.

Mo ní, "Ẹ pe Mukai kó bá yín jó o."

"Mukai á bà á jẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ti Tókíò nígbà náà."

Ó ń wo ọwọ́ tó rọ̀ yẹn lórí itan rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bá jókòó.

"Ẹ ní òfin kan nínú ẹgbẹ́ yín," mo ní. "Ẹni tó bá jó ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ wà á. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnì ṣáájú rẹ̀. Tí mo bá jó eléyìí, ta ni yóò wà á?"

"Ìwọ ni."

"Níbo? Nínú ìyàrá yìí?"

"Ní ibùdókọ̀. Níwájú gbogbo wọn. Ẹnu ara mi ni màá fi sọ ọ́ pé ìwọ lo jó o. Àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ mi ò gbà á, ti Tókíò ni wọ́n máa rà, a ò ní bẹ̀rẹ̀ rárá."

Mo ro ó wò. Mo ní mo gbà.

Ọjọ́ kẹtàlá

Mo fi iná jó ìka méjì. Kò sí nǹkan mìíràn lónìí.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Yìnyín kò dáwọ́ dúró. Kẹrosíìnì tún ti gbówó lórí, ọkùnrin tó ń gbé e wá ní ẹ̀bi òun kọ́.

Ikùn ẹ́ńjìnnì la ń jó. Bàbá Chinatsu jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ fún mi bí ìgbà tó ń fọn fèrè sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Dín iná kù. Mo ní dín in kù. Ṣé etí rẹ di ni?"

"Etí mi ò di. Ẹnu yín ló pọ̀."

"Sódà ò tó. Fi kún un."

"Ó tó."

"Mo ní kò tó! Ó máa já."

Mo gbé irin gbígbóná náà kalẹ̀. Mo ní, "Bí ẹ ṣe ń rọ́ sódà lé e bí ẹni ń fi ẹ̀kọ lẹ ìwé nìyẹn, tí ẹ ó sì tún jókòó ti fáìlì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹ ó máa ha ohun tí ẹ rọ́ lé e kúrò. Idẹ la máa ń mú gbóná, a kì í mú sódà gbóná. Tí idẹ bá ti gbóná tó, sódà á sáré wọ ojú ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó tán."

Mo fi hàn án. Sódà náà sáré wọlé, ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní kí n gbé ẹ̀gbẹ́ kejì wá, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gbádùn ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Chinatsu ọmọ wa fóònù láti Nagoya. Ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́, ọkọ rẹ̀ ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Ó béèrè bàbá rẹ̀, mo ní ó wà níbẹ̀, ó ń yan mí jẹ. Mo sọ ohun tí a ń ṣe fún un.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Kí lẹ wá ń pa ara yín fún?"

"Torí pé èmi ni mo fẹ́ wà á."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ó kó gbogbo rẹ̀ dà sódò?"

Òótọ́ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Owó tó yẹ ká fi ṣe òrùlé wà nínú ìyàrá yẹn. Ìsinmi tí a ò lọ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo parí ikùn ẹ́ńjìnnì náà lónìí, tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, tí mo gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé mo tún gbé e lọ sójú fèrèsé lọ wò ó. Kò sẹ́ni tó yẹ kí n sọ fún.

Ọjọ́ kejì, oṣù kejì

Hijikata ya wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sáré dìde lórí àga, Bàbá Chinatsu sì sún síbẹ̀. Nígbà tí alága fi máa wọlé, irin sódà ti wà níwájú ẹni tí kò lè lò ó, èmi sì ti dé ilé ìdáná, mò ń wá abọ́.

Mo gbé tíì àti ewébẹ̀ oníyọ̀ wọlé. Hijikata ti gbé ẹ́ńjìnnì náà sábẹ́ iná, ó ń yí i sọ́tùn-ún, ó ń yí i sósì. Ó pẹ́ gan-an lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá Ibùdókọ̀," ó ní, "àìsàn yìí ò mà fọwọ́ kan iṣẹ́ yín. Ó tiẹ̀ mọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ."

Bàbá Chinatsu ní, "Mo ń fara balẹ̀ ni."

Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Mo ń retí kó tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Kò wò mí. Mo sọ fún ara mi pé àdéhùn wa ló ń pa mọ́.

Nígbà tí Hijikata ń wọ bàtà, ó rí ìka mi tí mo fi aṣọ dì. "Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀bẹ ni?"

"Ọ̀bẹ ni."

"Ẹ máa rọra," ó ní, ó sì jáde sínú yìnyín.

Ọjọ́ kẹta

Ọjọ́ tí à ń da ẹ̀wà síta láti fi lé ibi jáde nílé. Mo da tèmi sẹ́nu ọ̀nà iwájú, mo da díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, mo wá da ẹ̀kúnwọ́ kan síwájú ìyàrá rélùwéè. Ó bọ́ sí Bàbá Chinatsu lára.

"Ṣé èmi ni ibi náà ni?"

"Ẹ bi ẹ̀wà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti ṣubú nìyẹn.

Ọjọ́ kejìlá

Wọ́n gbé pákó méjì tó jẹ́ ìpẹ̀kun ojú irin wá sílé wa, torí Bàbá Chinatsu ló gba iṣẹ́ wáyà ibẹ̀ kó tó ṣàìsàn. Wọ́n gba gbogbo pálọ̀. Ilé ìdáná ni mo ti ń jẹun báyìí, lórí ìdúró. Ọ̀sẹ̀ yìí, abẹ́ pákó ni mo wà, mo nà sílẹ̀ gbalaja, wáyà pupa lọ́wọ́ kan, dúdú lọ́wọ́ kejì, sódà gbígbóná ń kán sí mi lọ́rùn. Obìnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Kò ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan, wíìlì àti mọ́tò láìní ikùn, la fi ń dán an wò. Tó bá wà lójú irin títọ́, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kété tó bá ti wọ róbótó ìpẹ̀kun, níbi tí ojú irin ti yí po kí ọkọ̀ lè kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀, ó kú. Iná pupa á tàn lára tiransifọ́mà.

"O ti fa wáyà kan sódì," ó ní.

"Àwòrán yín ni mo tẹ̀ lé."

"Àwòrán mi ò ní àbùkù. Tú u, kí o tún un ṣe."

Mo tú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo tún un fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún kú síbi tó kú sí tẹ́lẹ̀. Ó ní ojú mi kò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Ó ní kí n wọ awò. Mo jáde lọ kó yìnyín tí kò yẹ ní kíkó, kí n má baà sọ ohun tó wà nínú mi.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ń ṣan ìrẹsì láàárọ̀ yìí ni mo mọ̀ ọ́n. Mo fi ọwọ́ tútù bẹ́ẹ̀ lọ bá a.

"Ẹ fi ìka yín tọ ojú irin ọwọ́ ọ̀tún," mo ní. "Ẹ tọ̀ ọ́ yí róbótó náà ká. Ibo ló já sí?"

Ó fi ìka òsì tọ̀ ọ́. Ó yí i po, ó padà síbi tí ojú irin ti yà, ó já sára ti ọwọ́ òsì. Ó dúró síbẹ̀. Ọ̀tún àti òsì ti fẹnu ko ara wọn, iná wáyà pupa ń pàdé iná wáyà dúdú.

"Ó yẹ kí a gé e," mo ní. "Kí á gé méjèèjì, kí iná inú róbótó dá wà, kó ní bọ́tìnì tirẹ̀. Ibo lẹ ti gé e nínú àwòrán yín tí kò ní àbùkù?"

Ó wo bébà náà, ó wò ó, ó wò ó. "Mi ò gé e."

Ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ nìyẹn. Èmi gan-an ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ látẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tó ń fi Mukai ṣe yẹ̀yẹ́ torí rẹ̀.

Ó ní, "Má sọ fún Mukai."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun kò rẹ́rìn-ín. Kò sì bẹ̀ mí fún ti awò.

Mo fi ayùn kékeré gé ojú irin náà lọ́sàn-án. Ọkọ̀ gbà á kọjá, ó yí po, ó padà wálé.

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Yìnyín ti ń yọ́, ẹrẹ̀ dé gbogbo ibi. Mo kun ẹ́ńjìnnì ní dúdú lọ́jọ́ Wẹ́sìdeé, mo lẹ nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ ọn lónìí. A dojú rẹ̀ dé, a fi wáyà méjì kan wíìlì rẹ̀, wíìlì yí láìdún. Mi ò tíì gbé e sórí ojú irin rárá. Mò ń pa òfin wọn mọ́.

Mukai wá ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn. Ó gbé irin sódà sí Bàbá Chinatsu lọ́wọ́ òsì, ó ní kó tẹ orí ba díẹ̀. Èmi di iná mú.

"Ìyàwó wa," Mukai ní, "ẹ dákun, ẹ yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Òjìji yín ń bọ́ lé ẹ́ńjìnnì."

Mo yẹ̀ sẹ́yìn.

Nígbà tó ń lọ, ó fa òróró ìpara ojú iná kan yọ nínú àpò, ó ní fún Ọ̀gá ni, ẹni tó bá ń jó sódà kò lè ṣe kí iná má ta sí i. Èmi ló fi lé lọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn padé tán, mo ní, "Ṣé ẹ ṣì rántí àdéhùn wa?"

"Èwo?"

"Ti ọjọ́ ìparí oṣù."

"Mo rántí. Kí ló dé? Ṣé mo ti gbó tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìwé ìròyìn ti jáde. "Ọwọ́ Òsì Kan Ṣoṣo," wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. Ẹni tó ń ta ẹja fi ẹja kan kún tèmi, ó ní kí n lọ fi tọ́jú ọkọ mi, akọni ni. Mo gé orí ẹja náà kúrò ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá Chinatsu fẹ́ lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri. Ó béèrè gọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Mo fún un.

Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Mo lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, mo fọ fìlà, mo fi bọ́tìnì kan tó wà nílé rọ́pò èyí tó já. Mo lọ ṣe irun. Ẹgbẹ̀rìnlá yẹ́ẹ̀nì. Ọ̀dọ́bìnrin tó ṣe é ní, "Màmá, ìgbéyàwó ni?" Mo ní nǹkan tó jọ ọ́ ni. Mo sá kìmónò eléérú mi sí afẹ́fẹ́ kí òórùn káńfọ̀ lè kúrò lára rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó ní kí n wá. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sórí ojú irin, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á. Kò pariwo. Bí mo bá yí bọ́tìnì lójijì, tí ọkọ̀ fò síwájú, á ní ká dá a padà, ká tún un ṣe.

"Má yí i," ó ní. "Rọra sún un. Kí ọkọ̀ rò pé òun fúnra òun ló wu kóun máa lọ."

Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí tèmi, a jọ sún un. Ọkọ̀ náà gbéra débi pé mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an." Láti ọdún gbọọrọ tí mo ti wà nílé rẹ̀, mi ò rò pé ó ti bá mi sọ̀rọ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo dáríjì í fún ọ̀pọ̀ nǹkan lójú kan náà.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Òjò àti yìnyín pọ̀ mọ́ra wọn. Èrò kún ibùdókọ̀ dé títì, oní-kámẹ́rà lọ́tùn-ún lósì, àwọn tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin náà láti ọdún mẹ́wàá ń sunkún pé ó ń lọ. Yàrá ìdúró gbóná, sítóòfù kẹrosíìnì ń jó, agboòrùn tútù ń kán sílẹ̀. Bàbá Chinatsu jókòó síwájú pákó nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, fìlà lórí. Àwọn àgbàlagbà ń tẹrí ba fún un. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé kóòtù rẹ̀ lọ́wọ́.

Hijikata sọ̀rọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú. Ó wá gbé ẹ́ńjìnnì kẹrin sórí ojú irin, ó ní, "Gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹgbẹ́ wa, ọwọ́ tó jó o ni ọwọ́ tó máa kọ́kọ́ wà á." Ó gbé àpótí bọ́tìnì síwájú Bàbá Chinatsu, ó sì yẹ̀ sẹ́yìn.

Bàbá Chinatsu gbójú sókè wò mí. Mo ti fi kóòtù kọ́ apá òsì kí ọwọ́ ọ̀tún mi lè ráyè. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

Ó gbójú kúrò lára mi. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbé e lé bọ́tìnì.

Ẹ́ńjìnnì gbéra láìfò. Ó gun òkè, ó kọjá lórí afárá, ó wọ róbótó, ó gba ibi tí mo gé kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó sì padà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbá mi mú, ó ní ẹ kú oríire, ìyàwó Ọ̀gá. Omi ń dà lójú Bàbá Chinatsu, Mukai ń ya fọ́tò rẹ̀.

A dé ilé. Mo bọ́ kìmónò, mo gbé omi kaná. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Gbogbo ènìyàn ló ń wò mí," ó ní.

"Èmi náà ń wò yín."

Mo se tófù, ó jẹ ẹ́, mo fọ abọ́.

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Yìnyín ẹ̀yìnkùlé ti tán.

Ọjọ́ kẹfà

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ ṣàlàyé. Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní ó nira. Mo ní mo rí i pé ó nira.

Ọjọ́ kejìlá

Ìlú fẹ́ ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, ẹ́ńjìnnì kejì. Hijikata ti fóònù ní ìjẹta, Bàbá Chinatsu sì ti ní òun gbà. Kò bi mí. Àwọn idẹ dé lónìí nínú páálí. Nígbà tí mo gbé aṣọ fífọ̀ kọjá, mo rí i pé ó ti tò wọ́n sórí tábìlì, ó ti na okùn irin sódà, ó sì ti fa àga tí mo máa ń jókòó lé síbẹ̀, ó fi tìmùtìmù mi sí i.

"Ìyá Chinatsu, idẹ ti dé."

"Mo rí i."

"Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì yín ni ìwé ìròyìn ń pariwo."

Mo lọ sá aṣọ.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Igi ṣẹ́rì iwájú ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ojú. Bàbá Chinatsu gbìyànjú ẹ́ńjìnnì kejì fúnra rẹ̀ lónìí. Mo gbọ́ nǹkan tó já lulẹ̀, mo gbọ́ tó ké. Irin gbígbóná ti bó àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un. Mo fi omi tútù sí i, mo fi òróró Mukai pa á, mo dì í. Ó jókòó bí ọmọdé. Mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ báyìí. Mo yọ wáyà irin sódà kúrò lára ògiri, mo ká a, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀. Àánú ń ṣe mí, àmọ́ mi ò ní fọwọ́ kan idẹ yẹn.

Ogúnjọ́

Hijikata fóònù láàárọ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ Ọ̀gá ńkọ́? Ṣé ó ń lọ?"

Mo ti ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ láti ọjọ́ mélòó kan, mo ti to ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Nígbà tó dé ẹnu mi, gbogbo rẹ̀ já jáde pa pọ̀.

"Kò sí iṣẹ́ kankan, Alága. Kò ní sí ẹ́ńjìnnì kejì. Èmi ni mo jó ìkẹrin. Ikùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, wáyà abẹ́ pákó, gbogbo rẹ̀, èmi ni. Ó ṣèlérí pé òun máa sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, kò sọ."

Mo ń retí kó ya á lẹ́nu. Mo gbọ́ tó ń ṣáná sí sìgá.

"A mọ̀, ìyàwó wa," ó ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí mo gbé e sábẹ́ iná nílé yín ni mo ti mọ̀. Iṣẹ́ Ọ̀gá kò ṣàjèjì sí mi. Ojú sódà tiẹ̀ máa ń nípọn, ojú fáìlì á sì wà lára rẹ̀. Mukai náà mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀. A kàn ò fẹ́ kí ojú tì í ni, pàápàá lọ́jọ́ yẹn, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, níwájú gbogbo ìlú."

Mo di tẹ́lífóònù mú. Nígbà tó ní "ọwọ́ tó jó o," tó sì gbé àpótí yẹn síwájú rẹ̀, ó mọ̀. Gbogbo wọn tó dúró yí pákó ká ló mọ̀. Wọ́n rí mi pẹ̀lú irun tí mo ṣe, tí mo fi kóòtù kọ́ apá òsì, wọ́n sì mọ ohun tí mò ń retí.

"Ojú tèmi ńkọ́?" mo ní.

"Tiyín bíi ti báwo?" Ohùn rẹ̀ tutù, kò ní ibi kankan nínú. "Ọkọ yín ni Ọ̀gá. Iyì tiẹ̀, ṣé kì í ṣe tiyín ni?"

Mo gbé tẹ́lífóònù náà kalẹ̀. Bàbá Chinatsu ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri, ọwọ́ òsì nínú báńdéèjì, ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní wọ́n mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti oṣù kejì. Gbogbo wọn."

Ojú tì í. Mo rí i tó ń gun ojú rẹ̀ bọ̀, mo rí i tó dé etí rẹ̀. Láti ìparí oṣù tó kọjá ni mo ti ń fẹ́ rí i lójú rẹ̀, mo rò pé tí mo bá rí i, ara á tù mí. Kò tù mí.

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ká ní mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ni," ó ní, "ǹ bá ti sọ ọ́."

Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.